Ẹnìkejì Súńdẹ́lì

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Jerúsálẹ́mù, ẹnikẹ́ni kì í dá kàwé. Méjì-méjì là ń jókòó, ìwé á wà láàárín, a ó sì máa pariwo mọ́ra wa títí òtítọ́ yóò fi jáde tàbí títí ọ̀fun yóò fi gbẹ. Ọ̀fun ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbẹ.

Súńdẹ́lì nìkan ló dá jókòó. Láti ìgbà tí Áṣérì, ẹnìkejì rẹ̀ láti ìgbà èwe, ti kú, ó ní òun ò rí ẹni tó tó òun bá jiyàn. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ dán an wò. Yóò dé láàárọ̀, yóò ṣí ìwé, yóò gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, yóò wá máa tún ọ̀rọ̀ oníkálukú ṣe láti ibi tó jókòó sí. Tí àlàyé ẹnìkan bá wọ́, á ní, “Áṣérì ì bá ti rẹ́rìn-ín.” Ẹnu yẹn náà ló fi ń sọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ta ni fún wa, àti ìdí tí ìgbéyàwó náà ò fi ní í tọ́jọ́.

Lẹ́yìn Àjọ Àgọ́, Rábì Mẹ́ṣúlámù, olórí wa, pè é sí yàrá.

“Súńdẹ́lì, ọkùnrin kan dé láti Gálílì. Jẹ́róhámù lorúkọ rẹ̀. Kò ní ẹnìkejì.”

“Mo ti rí i, Rábì. Ṣé èyí tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun yẹn?”

“Òun ni. Jọ̀ọ́, ẹ jọ jókòó. Ẹni tó bá dá wà pẹ́ nídìí ìwé, ìwé á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ pàdánù ẹnikẹ́ni.”

Súńdẹ́lì mí kanlẹ̀. “Ẹ fọkàn balẹ̀, Rábì. Màá fà á yọ.”

Rábì wò ó díẹ̀. “Ọlọ́run á ran ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́.”

Nígbà tí Súńdẹ́lì délé, ó sọ fún Fúrúmà ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n ti gbé aláìsàn wá bá òun.

“Kí ló ń ṣe é?”

“Ìwé ni. Orí rẹ̀ ò gbé e.”

“Ó dáa o, Bàbá Tírísà. Ọlọ́run á wò ó sàn,” ni Fúrúmà wí, ó sì yíjú sí ìkòkò rẹ̀.

Òfin ohun tó sọnù ni Súńdẹ́lì àti Jẹ́róhámù fi bẹ̀rẹ̀. Jẹ́róhámù fi ìka sójú ìwé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò yé mi. Tórà ní tí màlúù arákùnrin rẹ bá ṣìnà, kí o dá a padà fún un. Bí ẹni náà ò bá tíì mọ̀ pé ohun òun ti sọnù ńkọ́?”

Súńdẹ́lì rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé tọwọ́-tẹsẹ̀. Jẹ́róhámù mi orí.

“Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ibí. Ó jọ pé òdìkejì làwọn àgbà sọ. Àbí n ò mọ̀ ọ́n kà ni?”

Súńdẹ́lì wo ibẹ̀. Ó tún un wò. Ó ní òtútù ti mú òun lójú, ó di ọ̀la. Nígbà tó délé, ó gbé ìwé tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀. Fúrúmà sún àwo ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráàyè.

Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ń dé lójoojúmọ́. “Ẹ gbà mí o,” Súńdẹ́lì á máa ráhùn sí wa. “Ohun tọ́mọdé mọ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ó ń gbẹ́ mi bí ẹni gbẹ́ kànga!”

Àwa náà káàánú Jẹ́róhámù. Ẹnìkan gbà á níyànjú pé kó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Òmíràn yá a ní ìwé tó fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. A bi í bóyá ó bímọ, ó ní àwọn tó ń dúró de òun nílé pọ̀ díẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Súńdẹ́lì ò mọ ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ta ni mọ́. Bó ti wù kó tètè dé tó, yóò bá Jẹ́róhámù níjókòó, ife tíì méjì á ti wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi ọwọ́ lu tábìlì.

“Irọ́ ni! Ṣí ojú ewé tó kọjá! Ṣí i, mo ní!”

“Mi ò ní í ṣí i! Ẹ parí èyí ná!”

Ohùn wọn gba ìta débi pé ẹni tó ń ta búrẹ́dì oníyànmọ̀tí yọjú wo àwọn tó ń jà. Nígbẹ̀yìn Jẹ́róhámù gbà pé Súńdẹ́lì borí, ó sì fi apá ẹ̀wù nu ojú. Súńdẹ́lì ní, “Áṣérì ì bá...” Kò parí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí tíì.

Lẹ́yìn Ìrékọjá, wọ́n parí ìwé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá parí ìwé gbọ́dọ̀ bọ́ àwọn tí kò parí tiwọn, ìdí nìyí tí a fi pésẹ̀. Ẹja oníyọ̀ wà, ọtí líle wà, Fúrúmà sì ṣe kéèkì olóyin. Súńdẹ́lì dìde nínú kóòtù tuntun.

“Ẹ̀yin ará, ẹ rí ọkùnrin yìí? Inú ọ̀gbun ni mo ti fà á yọ!”

A ṣe àmín. Jẹ́róhámù tẹrí ba. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Nígbà tí Jẹ́róhámù ń padà sílé, a sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kéèkì kún ẹnu wa, ibẹ̀ ni Fúrúmà ti gbé agbọ̀n oúnjẹ ìrìn-àjò kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tó sì wí lóhùn kẹ́lẹ́ pé, “Rábì, ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, tí ẹ fi odindi ilé ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀ ní Gálílì láti wá bá mi wá ọkọ mi rí.”