Ìwé Tí Kò Ní Àléébù

Ìgbà kẹrin rèé tí bàbá náà wá gba ìwé tó máa fi mú ọmọ rẹ̀ padà sílé, wọ́n sì tún ní kó máa lọ ná.

"Ẹ má bínú, sà," ni màmá tó jẹ́ ọ̀gá àwọn akọ̀wé kóòtù wí, ó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́. Eyín ń dùn ún. "Ibi tó yẹ kí n kọ àdírẹ́sì sí ni mo kọ déètì sí. Adájọ́ ò ní fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ẹ padà wá ní Mọ́ńdè."

Bàbá náà kò jà. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, ó gún régé. "Ó ti rẹ̀ mí, mà," ló sọ. "Oṣù méjì gbáko lọmọ ti wà nínú ilé ìtọ́jú ọmọ yẹn."

Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́, ojú tì í. Oṣù mẹ́ta péré ló tíì lò níbi iṣẹ́ náà. Ojú ló fi kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ọwọ́yá. Orúkọ tí wọ́n ń pe màmá lẹ́yìn ni Ìyá Tún-un-kọ, nítorí fáìlì kan ṣoṣo yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbàgbé òǹtẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, fọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá ló lò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó da tíì sí i. Àárọ̀ ọjọ́ tó da tíì yẹn, ó ti kọ ìwé èèyàn mẹ́jọ mìíràn, kò sì sí àbàwọ́n lára ìkankan.

Ọjọ́ tí Ọwọ́yá kọ́kọ́ débẹ̀ ni màmá ti ṣàlàyé òfin fún un. "Ọmọ tí ò tíì pé méjìdínlógún, tó bá fi ilé sílẹ̀, tí bàbá ẹ̀ bá ti kọ̀wé, wọ́n máa dá a padà ni. A kì í béèrè ìdí. Tiwa ni ká kọ ọ́, ká lù ú lóǹtẹ̀."

"Tí ọmọ bá ní òun ò lọ ńkọ́, mà?"

"Tó bá ti pé méjìdínlógún, kò sẹ́ni tó lè mú un. Kó tó pé, bàbá ẹ̀ ló ń bá a fọwọ́ síwèé." Ó nawọ́ sí pẹpẹ tó wà lára ògiri: ìwé ìpadàsílé, ìwé ìrìnàjò, ìwé ìgbéyàwó. "Gbogbo ìyẹn."

Kàlẹ́ńdà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé màmá. Lálaalẹ́, kó tó gbé báàgì, ó máa ń fi bírò pupa fagi lé ọjọ́ tó parí. Ó ti fi àmì róbótó yí ọjọ́ Ẹtì kan po.

"Ìfẹ̀yìntì dé tán o!" ni mẹ́séńjà máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. "Màmá, ẹ má jẹ ẹran àríyá ìfẹ̀yìntì yẹn lẹ́yìn wa o."

"Ìwọ àti ọ̀fun ẹ," ni màmá máa ń dá a lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀kan ni òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú ọmọ yẹn mú ọmọ bàbá náà wá fi ìka tẹ̀wé. Ọmọbìnrin gíga tín-ín-rín ni. Oòrùn ń mú, síbẹ̀ ó fa apá súwẹ́tà rẹ̀ bo ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ fún màmá.

"Ọjọ́ mélòó ló kù, mà?"

"Mọ́kàndínlógún. Máa jẹun dáadáa."

Ọwọ́yá rò ó pé àárò ilé ló ń sọ ọmọ náà.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá wú bí ẹni gbé bọ́ọ̀lù sẹ́nu. Wọ́n fipá lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹnikẹ́ni tó bá wá, Mọ́ńdè ni kó padà wá. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Kò pẹ́ tí bàbá náà wọlé. "Mi ò lè dúró di Mọ́ńdè, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Ọwọ́yá wo àga tó ṣófo. Ó rò ó pé kò yẹ kí àgbàlagbà kan máa rìn ká nítorí àgbàlagbà mìíràn tí iṣẹ́ ti ń sú. Ó fa fáìlì yọ. Gbogbo ohun tó wà lára ìwé àtijọ́ ló dà kọ sórí tuntun, nọ́ńbà sí nọ́ńbà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Adájọ́ fọwọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló lù ú lóǹtẹ̀. Kò gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Omijé lé sójú bàbá náà. "Ìwọ lo mọṣẹ́."

"Ẹ bá mi kí i, sà."

Láti ojú fèrèsé, ó rí baba arúgbó kan lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ tí bàbá náà wọ̀. Arúgbó náà ń sún, ó ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ọ̀sán ni màmá dé, òwú wà lẹ́nu rẹ̀. "Ta ló wá?"

"Bàbá yẹn, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti bá yín ṣe é." Inú Ọwọ́yá ń dùn. "Kò sí àléébù kankan."

Màmá kò gbé báàgì sílẹ̀. "Ìwé kan ló gbà?"

"Méjì ni, mà. Ó tún gba ìwé ìgbéyàwó. Ó ní ti ọ̀rẹ́ òun tó wà nínú ọkọ̀ ni."

Màmá gbé tẹlifóònù, ó pe ilé ìtọ́jú ọmọ. Ó gbọ́, ó gbé e sílẹ̀. "Wọ́n ti mú un lọ láti aago mẹ́wàá," ló sọ, ó sì jókòó.

Ìgbà tí Ọwọ́yá fẹ́ ti ẹ̀dà ìwé náà bọ inú fáìlì ló tó ka ọjọ́ ìbí tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ sí i láàárọ̀, tó sì gbójú sókè wo àmì róbótó pupa ara kàlẹ́ńdà: ọ̀la ni ọmọ náà ń pé ọdún méjìdínlógún.