Orí Alààyè

Ní yàrá ìkọ́ṣẹ́ irun dídì ilé ẹ̀kọ́ girama, orí rọ́bà mẹ́rìnlélógún ló tò sórí tábìlì, ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tó kù. Ẹ̀rọ ló ń dirun fún gbogbo ìlú. Ohùn kan nínú ògiri ni olùkọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi di ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀ fún àwọn orí rọ́bà náà, ọ̀kan nínú wọn kò sì ké "yéè" rí.

Orí alààyè ni wọ́n ní kó dì fún ìdánwò àṣekágbá. Ó bẹ gbogbo àdúgbò títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Màmá Adéòtí, arúgbó kan tó ń dá gbé, nìkan ló gbà.

Bí òòyà ṣe kan orí ìyá náà, èjìká rẹ̀ gbọ̀n.

"Ṣé ó dùn yín ni, Mà?"

"Rárá, ọmọ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn mí lórí gbẹ̀yìn."

Ìbíyẹmí fi òòyà ya irun náà. Ó rọra ń dì í lọ. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé orí ènìyàn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó parí, ohùn inú ògiri ní, "O yege."

Màmá kò dìde. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé o lè tú u, kí o tún un dì?"

Kò sí ẹni tó ń retí Ìbíyẹmí nílé. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ìyá náà.

"Ẹ gbé orí yín wá, Mà."