Ògiri Tí Olùkọ́ François Wó

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Láyé ìgbà tí Faransé ń ṣàkóso Tógò, wọ́n rán olùkọ́ kan, François, wá sí abúlé Akparé, nítòsí Atakpamé. Kò ní aya, kò ní ẹbí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni alábàárò rẹ̀. Wọn a pọnmi wá fún un, wọn a sì jókòó tì í títí ìyá wọn á fi pè wọ́n.

Àṣẹ wá dé láti ọ́fíìsì ìjọba ní Atakpamé pé kí àwọn ọmọ máa fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè fi kẹ́kọ̀ọ́. François ní kí wọ́n mọ ilé adìẹ. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n po amọ̀, wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà. Àpọ̀kẹ́, ọmọbìnrin tí kì í lanu ní kíláàsì, ló ń darí gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ògiri wọn wọ́, òyìnbó tó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò sì ń bọ̀. Ojú ń ti François. Lọ́jọ́ ọjà tí kò sí ọmọ kankan nítòsí, ó wó ògiri náà, ó sì dá a mọ fúnra rẹ̀. Ó gún régé.

Lọ́jọ́ kejì, Àpọ̀kẹ́ fọwọ́ kan ògiri náà.

"Mẹ́tìrì," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ wọn, "tiwa dà?"

"Ó wọ́. Mo bá yín tún un ṣe."

"Ẹ ò sọ fún wa. À bá tún un mọ."

François ní kí wọ́n wọ kíláàsì.

Òyìnbó dé, ó yin ilé náà, ó bi àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe mọ ọ́n.  Àpọ̀kẹ́ ní, "Àwa kọ́ la mọ ọ́n." Òyìnbó wo François lójú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, bí François bá gbé iṣẹ́ kalẹ̀, wọn a ní, "Ẹ bá wa ṣe é, Mẹ́tìrì. Tiyín ló dára." Kò sẹ́ni tó ń wá jókòó tì í mọ́. Nígbà tí òjò dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá òbí wọn lọ sóko, Àpọ̀kẹ́ ló ṣáájú. François wá a lọ.

"Bàbá Àpọ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

Fáníyì, bàbá rẹ̀, gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Èmi kọ́ ló ní kó má wá. Ẹ bi í."

François pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ò gbójú sókè, ó ń kọ ebè rẹ̀ lọ.

Kí ọdún tó parí, ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣófo, ìjọba sì tì í pa. François nìkan ló di ẹrù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sìn ín dé ojú ọ̀nà.

Ẹ ṣọ́ra o. Bí ọmọ yín bá ń ṣiṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ò gún, ẹ dúró tì í, ẹ fi ibi tó ti wọ́ hàn án, kí ó tún un ṣe. Ẹ má tìtorí ojú ayé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.