Fódà Ọ̀gá

“Yọ orúkọ ẹ kúrò níbẹ̀ kíá, àwọn àlejò ti ń gòkè bọ̀!”

Ọ̀gá dúró gbagidi sẹ́yìn obìnrin tó ń bá a kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ibi tí wọ́n ti ń júwe fódà tí iṣẹ́ wà nínú ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ló ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, orúkọ obìnrin náà ló sì wà lára fódà ọ̀hún.

“Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ ètò yìí, sà.”

“Ta ló bi ẹ́? Fódà tèmi ni kí o júwe fún kọ̀ǹpútà.”

“Ṣé ó dá yín lójú, sà?”

“Ṣé èmi lò ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀?”

Ó tẹ orúkọ ọ̀gá síbẹ̀, ó sì dìde fún un.

Àwọn àlejò wọlé. Ọ̀gá wú fùkẹ̀. “Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo dá gbogbo ẹ̀ kọ.” Ó tẹ bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà tú inú fódà náà títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ọ̀gá jágbe mọ́ obìnrin náà. “Kí lo ṣe sí i?”

Kò mójú kúrò lójú ẹ̀. “Ohun tí ẹ ní kí n ṣe náà ni, sà. Fódà yín ni mo júwe fún un. Gbogbo ohun tí ẹ kọ ló wà níbẹ̀ yẹn.”