Adágún Tí Wọ́n Fi Àìsàn Rẹ̀ Pamọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó adágún ìlú wọn. Afínjú ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ọkùnrin náà á nu bàtà rẹ̀ dán kó tó lọ da ilẹ̀ nù. Adágún yìí ń kú lọ. Gbogbo gọ́tà ìlú ló ń ṣàn wọ inú rẹ̀, koríko bo ojú omi, ẹja ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ìgbìmọ̀ bẹ ìjọba títí pé kí wọ́n fowó ran àwọn lọ́wọ́ láti tún un ṣe. Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara àwọn rí i.

2. Bí Afínjú ṣe gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n fa koríko tó wà létí èbúté tu, wọ́n kun ọkọ̀ ojú omi, wọ́n to àga sábẹ́ igi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń yan ẹja tà, wá bá a níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níbi tí gọ́tà ti ń já wọlé, ṣebí ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ mú wọn lọ?"

"Kí n mú àlejò lọ síbi tó ń rùn? Kí wọ́n lè sọ pé ọ̀bùn ni wá?"

"Àìsàn la ní kí wọ́n wá wò, kì í ṣe aṣọ."

"Ìwọ lọ máa yan ẹja rẹ."

3. Àwọn àlejò dé. Obìnrin tó ṣáájú wọn wo omi tó ń dán, ó ya fọ́tò, ó wá béèrè pé, "Bàbá, ṣé kò síbi tó burú ju ibí lọ?"

Àbúrò Afínjú, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ranjú mọ́ ọn, àbúrò sì pa ẹnu dé.

"Kò sí o, ọ̀gá wa. À ń gbìyànjú."

Ẹ gbọ́, ẹni tó ń tọrọ oògùn ló fẹ̀jẹ̀ sínú, tó tutọ́ funfun jáde yẹn o.

4. Orí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ pé adágún ìlú mìíràn ni ìjọba fún lówó. Afínjú sáré pe obìnrin náà.

"Bàbá, tiyín mọ́ tónítóní. Àwọn tó ń kú lọ la kọ́kọ́ dá lóhùn."

"Ọmọ mi, mo purọ́ ni. Tiwa náà ń kú lọ."

"Owó ti lọ, bàbá. Ẹ dúró de ìgbà mìíràn."

Omi ò lè dúró. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, adágún fà, ẹja kú, wọ́n léfòó bí ewé gbígbẹ. Iná kú lábẹ́ ààrò àbúrò rẹ̀, ló bá kó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn. Kó tó wọ mọ́tò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀, mi ò sọ. Ẹ̀bi tèmi náà ni." Wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dòní, ọ̀sán gangan ló ń ti fèrèsé ilé rẹ̀ pa nítorí òórùn adágún náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, tí ẹ bá ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ fún ìlú yín, ẹ má fi ìtìjú bo egbò. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tó ní oògùn lọ́wọ́. Bí àgbà bá sì ń fi í pamọ́, ìwọ tí o mọ̀, fọhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.