Ìbò Méje Lórí Kóòṣì

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni ẹgbẹ́ náà ti pàdánù léraléra, ìgbìmọ̀ wá fẹ́ dìbò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: ṣé kí kóòṣì dúró ni, àbí kó máa lọ sílé ẹ̀?

Àbúrò kóòṣì lóbìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi tọ́ ẹgbẹ́ yìí, látìgbà tí pápá wọn ṣì jẹ́ kìkì òkúta. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sọ́nà jíjìn. Tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló tún kù fún un láyé? Ẹ̀rù ń ba akọ̀wé pé ìbànújẹ́ ni yóò pa á.

Ènìyàn méje ló ń dìbò. Alága, akápò àti káfíńtà tó ń tún bẹ́ǹṣì ṣe ti sọ ọ́ gbangba pé kó máa lọ. Akọ̀wé àti gọ́ọ̀lì àtijọ́ fẹ́ kó dúró. Òfin ẹgbẹ́ fún kóòṣì náà ní ìbò kan, torí ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó wá ku télọ̀ tó ń rán aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, akọ̀wé sì ti gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ láàárọ̀.

"Akọ̀wé, mi ò ní parọ́ fún yín," ni télọ̀ wí, kò gbójú kúrò lára máṣíìnì. "Ṣé ẹ rántí Sátidé? Ọmọ tó ti fi wá sílẹ̀ láti ọdún méjì ni kóòṣì ń pè pé kó dìde, kó wọ pápá. Ó ń pè é ṣáá. Gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín."

"Àwọn ọ̀lẹ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló ń fi bú. Ṣé ẹ ò mọ ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni?"

"Wọ́n ní ọ́fíìsì ló ń sùn báyìí."

"Ẹni tó ń sùn sẹ́nu iṣẹ́ nítorí yín lẹ fẹ́ lé? Háà!" Akọ̀wé kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ. "Ẹ ṣàánú mi, ẹ jọ̀ọ́."

Télọ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ dìde jàre, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ó dáa. Màá kọ 'Dúró'."

Mẹ́rin sí mẹ́ta nìyẹn. Akọ̀wé kà á lórí ìka títí tó fi dé ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọkùnrin náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, báàgì rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀. Ó wo obìnrin náà díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Télọ̀ ti gbà."

"Télọ̀? Télọ̀ wo?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Télọ̀ mélòó la ní?" Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì bá a rín in.

"Ọkàn mi balẹ̀," ló wí. "Ìwọ ni kó o má da ara ẹ láàmú."

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, báírò kan náà ni gbogbo wọn fi kọ ọ́, wọ́n sì ju ègé bébà wọn sínú fìlà alága. Alága tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Dúró. Lọ. Lọ. Dúró. Dúró. Lọ." Ó tú ìkeje, ó tún un wò.

"Lọ."

Ojú akọ̀wé ṣú. Télọ̀ ló kọjú sí.

"Ìwọ! Ọ̀dàlẹ̀! Èmi tí mo fi orúnkún kanlẹ̀ fún ẹ láàárọ̀ yìí? Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, fetí ẹ gbọ́ ọ!"

"Akọ̀wé, ẹ má ṣépè fún mi o. 'Dúró' ni mo kọ. Tí mo bá parọ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ mi má ṣe mí lóore mọ́!"

"Kò ní ṣe ẹ́ lóore! Má tún kí mi mọ́ láyé!"

Gọ́ọ̀lì àtijọ́ ló dì í mú. Télọ̀ jáde tẹkúntẹkún, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò lè wojú ara wọn. Ó ku tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Akọ̀wé gbórí lé tábìlì, ó ń sunkún.

Kóòṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Lọ bẹ ọkùnrin yẹn fún mi, èmi ni mo kọ 'Lọ'," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "tó o bá sì ti bẹ̀ ẹ́ tán, jọ̀ọ́, wá mú mi délé, torí ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́."