Abẹ́rẹ́ Kejì

Ìkúùkù ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan bà á lẹ́nu, eyín kan sì ré bọ́ sílẹ̀ yàrá. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì náà rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi Jákọ́bù mọ́ áńgẹ́lì. Àlòjù oògùn ìrora ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá èémí ẹ̀gbọ́n yìí dúró, kí abẹ́rẹ́ aporó tí àbúrò rẹ̀ gún un tó jí i.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ ní iṣẹ́ àjíǹde?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa lù mí, ṣùgbọ́n ẹ má jáde. Aporó kì í pẹ́ lára. Oògùn yẹn ṣì wà nínú yín."

Ẹ̀gbọ́n gbá a mọ́ ògiri, ó sì fún un lọ́rùn. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń ṣú nígbà tí ọwọ́ náà dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yọ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó dákẹ́ bí ọmọ tó mu ọmú yó.

Ìyá wọn, tó ń gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà, mí kanlẹ̀. "Olúwa ṣeun. Ó ti sùn. Ọmọ mi, jẹ́ ká sá jáde kó tó jí."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà wo ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń dúdú.

"Kò sùn, Màmá. Ó tún ti ń kú lọ ni."

Ó yọ awò ojú rẹ̀ tó rọ̀ sétí kan, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó sì gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kejì.